Bíró kan, bébà kan: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí eré orí bébà nínú ilé, láti Ẹ̀pẹ́

Àwọn òbí àti àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́ àbúrò ló ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbéèrè yìí. Mo kó wọn jọ kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní má bàa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí yóò bi. Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti mú àpẹẹrẹ mi, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí wọn ò ti lè ṣe àwọn eré yìí.

Kí la nílò ká tó bẹ̀rẹ̀?

Bíró méjì àti ìwé fọ́tì-líìfù kan. Bí ìwé ò bá sí, ẹ̀yìn bébà ìdánwò tó ti kọjá, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó lọ, inú páálí bisikíìtì tí a fà ya, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Kàlẹ́ńdà ni èmi fẹ́ràn jù. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó sì fẹ̀ débi pé ẹni mẹ́rin lè yí i ká lórí ẹní. Bíró sì sàn ju pẹ́ńsùlù lọ, torí ohun tí a bá fi bíró kọ kò ṣeé pa rẹ́, ìyẹn nìkan ti dín ìjà kù.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè bá wa ṣe é?

Ọmọ tó bá ti lè di bíró mú, tó sì lè dúró kí ó tó kàn án, ti tó. Ọmọ ọdún márùn-ún á ṣe Ẹ́ẹ̀ksì àti Ó. Èyí tó ti ń ka lẹ́tà á bá yín wá ọ̀rọ̀ tó fara pamọ́. Èyí tó ti mọ ìṣirò díẹ̀ á bá yín ṣe nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ àti ọkọ̀ inú ọ̀sà. Ọmọ tí kò tíì lè ṣe ìkankan nínú rẹ̀, ẹ fi ṣe akọ̀wé: kí ó máa fa igi kan fún ẹni tó bá jẹ, kí ó sì kà á sókè nígbẹ̀yìn. Iṣẹ́ gidi ni, kò ní rò pé ẹ̀yin àgbà ti ti òun sẹ́yìn.

Kí ló dé tí Ẹ́ẹ̀ksì àti Ó fi máa ń jẹ́ ọ̀mì ṣáá?

Eré náà ló kéré. Ojú mẹ́sàn-án péré ló ní, ọ̀nà mẹ́jọ péré la sì lè gbà to àmì mẹ́ta léra kí a jẹ: mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òòró, méjì láti igun dé igun. Bí ẹni méjì bá ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ọ̀mì ni yóò máa jẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kíkéré rẹ̀ yìí náà ló mú kí ó wà lára àwọn eré àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n ṣe: ní 1952, A. S. Douglas ní Yunifásítì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ fún ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní EDSAC, ẹ̀rọ náà sì ń bá ènìyàn ṣe é.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n dé ibẹ̀, nǹkan pọ̀ nínú rẹ̀ fún un. Bí ẹnìkejì bá kọ́kọ́ gba igun, àárín ni kí ẹ sáré gbà, torí bí ẹ bá fi ibòmíràn dáhùn, ẹni tó gbọ́n á jẹ yín. Bí ó bá kọ́kọ́ gba àárín, igun ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ èyí fún ọmọ o. Ẹ jẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ọjọ́ tó bá rí i, ẹ ó mọ̀, torí pé kò ní dákẹ́.

Bó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ yí òfin padà: ẹni tó bá to mẹ́ta ni kó pàdánù. Tàbí kí ẹ fa ojú mẹ́fà sí mẹ́fà, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ to mẹ́rin léra jẹ.

Ẹ fún wa ní èyí tí bàbá náà máa jókòó ronú sí.

Àpótí ni. Ẹ tẹ àmì tó-tó-tó sórí bébà, mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní òòró. Olúkúlùkù á máa fa ìlà kan láàárín àmì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tí ìlà rẹ̀ bá sé àpótí kan ló ni àpótí yẹn. Á kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀, á sì tún fa òmíràn. Àpótí mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà kò lè sí ọ̀mì láàárín ẹni méjì. Onímọ̀ ìṣirò ará Faransé kan, Édouard Lucas, ló ti ṣàlàyé eré yìí sínú ìwé láti 1889.

Àwọn ọmọdé máa ń rò pé àpótí tó wà nílẹ̀ ni kí àwọn ṣáà máa kó. Níbẹ̀ ni àgbà ti ń jẹ wọ́n. Ẹ wò ó: lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bébà á kún débi pé ìlà yòówù kí ènìyàn fà, ó ti ṣí ọ̀nà fún ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn àpótí á ti so mọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, bí a bá ti gba ọ̀kan, èyí tó tẹ̀ lé e náà ti ṣí. Ká ní ẹnìkejì yín ṣí okùn alápòótí mẹ́rin fún yín. Ọmọdé á kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn náà ni òun náà á wá ní láti ṣí okùn mìíràn tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á kó méjì péré. Á fa ìlà rẹ̀ sí ìparí okùn náà, kí àpótí méjì tó kù lè wà nínú ọgbà kan, tí ìlà kan ṣoṣo láàárín wọn á parí wọn. Ẹnìkejì á kó méjèèjì, inú rẹ̀ á dùn, ṣùgbọ́n òun ló tún kàn láti fa ìlà, òun ló sì máa ṣí okùn ńlá tó kù. Àpótí méjì lẹ fi ra gbogbo okùn yẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè lóye èyí bí ẹ bá fi ṣe é lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó rọrùn tó báyìí láti fi han ọmọ pé ènìyàn lè yọ̀ǹda díẹ̀ kí púpọ̀ lè wọlé.

Orúkọ, Ẹranko, Ìlú, Nǹkan: ṣé a lè ṣe é ní Yorùbá? Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ ń fi ṣe é nílé ìwé.

Ẹ ṣe é ní Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́! Ká tiẹ̀ ní eré kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mú. Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa: a, b, d, e, ẹ, f, g, gb, h, i, j, k, l, m, n, o, ọ, p, r, s, ṣ, t, u, w, y. Ẹ kọ ọ́ sí òkè bébà kí gbogbo ènìyàn lè máa wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo yín á na ìka sílẹ̀, iye tó bá wu kálukú. Ẹ ka àwọn ìka náà pọ̀ lọ sórí lẹ́tà. Bó bá jẹ́ ìka 13, L ni. Bó bá jẹ́ 17, Ọ ni. Bó bá ju 25 lọ, ẹ padà sí A, kí ẹ máa kà á lọ. Bó bá bọ́ sórí H tàbí U, ẹ tún ìka nà, torí pé ọ̀rọ̀ tó fi H bẹ̀rẹ̀ ò pọ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò kì í sì í fi U bẹ̀rẹ̀ orúkọ nǹkan. (Bí ìyá bá jẹ́ ará Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà, á ní òun ní ulé. Ẹ fún un ní máàkì rẹ̀.)

Kálukú á fa òpó mẹ́rin sórí bébà rẹ̀, á sì kọ orúkọ, ẹranko, ìlú àti nǹkan tó fi lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ sínú wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ parí gbogbo òpó rẹ̀ á kígbe pé "Ó tó!", kálukú á sì gbé bíró sílẹ̀. Ohun tí ìwọ nìkan kọ, máàkì 10. Ohun tí ẹlòmíràn náà kọ, 5. Òpó tó ṣófo, òdo.

Ká mú Ọ. Orúkọ ò le, Ọláyínká, Ọmọ́tọ́lá, Ọpẹ́yẹmí wà ńlẹ̀. Ẹranko: gbogbo ilé ló máa kọ́kọ́ kọ ọ̀bọ, wọ́n á sì pín 5-5. Ẹni tó bá ronú kan ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀nì tàbí ọ̀pọ̀lọ́, òun ló máa gba 10. Ìlú: Ọ̀yọ́ ló máa ń sáré wá sẹ́nu, bẹ́ẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀fà wà níbẹ̀. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé ibo ni Ọ̀fà wà, ẹ ó sì sọ fún un pé Kwara ni. Lójú mi, inú àwọn ìbéèrè yẹn ni èrè eré náà wà jù. Nǹkan: bí ẹnì kan bá kọ ọ̀bẹ, tí ẹlòmíràn kọ ọbẹ̀, nílé wa, àwọn méjèèjì ló ń gba 10 bí wọ́n bá fi àmì ohùn sí i bó ṣe yẹ. Ẹni tí kò fi àmì sí i gba 5. Láti ìgbà tí òfin yẹn ti wọlé ni àwọn ọmọ ti ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún wọn.

Àwọn lẹ́tà tó ń dá jìnnìjìnnì bo ènìyàn ni G, Gb, R, W àti Y. Ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ rèé fún díẹ̀ nínú wọn àti fún àwọn lẹ́tà mìíràn: gúnnugún, ràkúnmí, pẹ́pẹ́yẹ, lékeléke, tòlótòló fún ẹranko. Gbọ̀ngán, Fìdítì, Lálúpọn, Jọ́bẹlẹ̀, Ṣàgámù fún ìlú. Kò ní tán.

Àwa tí a wà ní Ẹ̀pẹ́ ní òpó karùn-ún tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ilé etí omi ní: Ẹja. Àrọ̀ fún A, epìyà fún E, kúta fún K, ọ̀bọ̀kún fún Ọ, pàǹla fún P, ṣàwá fún Ṣ. Ẹ gbà kí wọ́n kọ ẹdẹ àti akàn náà. Níbi òpó yìí ni ìyá tó ń lọ sí ọjà Olúwo ti ń na àwọn ọmọ yunifásítì ní ìnàkuna, ó sì dára kí ọmọ rí i pé ìmọ̀ pọ̀ lórí ẹni tó ń fi ẹja bọ́ ọ.

Ìyá àgbà wa ò mọ̀wé. Ṣé a ó kàn fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí?

Ó tì o! Ẹ pè wọ́n wá. Eré méjì wà tí kò gba lẹ́tà kankan.

Àkọ́kọ́ ni Igi Mọ́kànlélógún. Ẹ fa igi 21 sórí bébà. Bó bá kan ẹnì kan, á pa igi kan, méjì tàbí mẹ́ta rẹ́, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá pa igi ìkẹyìn ló jẹ. Àṣírí rẹ̀ rèé: mẹ́rin ni kí ẹ máa fi ronú. Bí ẹ bá fi igi mẹ́rin sílẹ̀ fún ẹnìkejì, ohun yòówù kó pa, ẹ̀yin lẹ máa parí rẹ̀. Bákan náà ni mẹ́jọ, méjìlá, mẹ́rìndínlógún, ogún. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe é, kan ṣoṣo ni kí ó pa, kí ogún lè kù, lẹ́yìn náà kí ó máa bá ẹnìkejì rẹ̀ pé mẹ́rin: ìwọ pa kan, èmi pa mẹ́ta, ìwọ pa méjì, èmi pa méjì. Ìyá tó ti ń ka ẹja lọ́jà láti èwe wá á ti rí èyí kí ọmọ girama tó rí i.

Èkejì ni àlọ́ àpamọ̀ tí a ń yà. Ìyá àgbà á pa àlọ́, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kálukú á ya ìdáhùn rẹ̀ sí bébà tirẹ̀, wọ́n á sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. "Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Nítorí pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ti mọ ọ̀sà láti kékeré, ọkọ̀ àti ìgbì ló máa yà, á tiẹ̀ fi ọkùnrin kan tó ń rì sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ya ìkòkò orí iná àti ọmọrogùn. Ìyá àgbà ló máa dájọ́, àwọn náà ló sì lè fún aláwòrán ọkọ̀ ní máàkì ẹ̀bùn bí àwòrán náà bá wù wọ́n. "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, ó bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò": ẹni tó bá ya ẹ̀wà tí kò sì fi ojú dúdú rẹ̀ sí i, kó gba ìdajì.

Báwo la ṣe ń ṣe eré ọkọ̀ tó fara pamọ́ sínú omi?

Ẹni méjì ni, bébà méjì, kí ẹnìkan má rí ti ẹnìkejì. Ẹ fi ìwé mìíràn dúró láàárín bí ògiri. Kálukú á fa ojú 10 sí 10. Sí òkè, ẹ kọ lẹ́tà mẹ́wàá àkọ́kọ́ wa: A, B, D, E, Ẹ, F, G, Gb, H, I. Sí ẹ̀gbẹ́, ẹ kọ 1 dé 10. Ẹ wá fi ọkọ̀ márùn-ún pamọ́ sínú rẹ̀, ní ìbú tàbí ní òòró: ọ̀kan gùn tó ojú márùn-ún, ọ̀kan mẹ́rin, méjì gùn tó mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀kan méjì. Ojú 17 ni gbogbo rẹ̀ gbà nínú 100. Ẹ ó máa pe ojú omi ní kọ̀ọ̀kan: "Ẹ, 7!" Ẹnìkejì á dáhùn pé "Omi!" tàbí "O bà á!", bí ọkọ̀ kan bá sì rì tán, ó gbọ́dọ̀ sọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rì gbogbo ọkọ̀ ẹnìkejì ló jẹ. Ilé iṣẹ́ Milton Bradley ní Amẹ́ríkà sọ eré yìí di oníke ní 1967, ṣùgbọ́n orí bébà ni wọ́n ti ń ṣe é kó tó di ìgbà náà, kò sì sí ohun tí ti oníke fi dára ju ti bébà lọ.

Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ: ẹ fojú inú wo pátákó dráfù, dúdú àti funfun. Ọkọ̀ tó kéré jù gba ojú méjì, kò sì sí bó ṣe lè sùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò ní wà lórí dúdú. Nítorí náà ojú 50 péré lẹ nílò láti wá kiri, ìdajì omi lẹ ti fò. Bí ẹ bá ti ba ọ̀kan, ìgbà náà ni kí ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọmọ tí 10 sí 10 bá pọ̀ jù fún, ẹ fún un ní ojú 6 sí 6 àti ọkọ̀ mẹ́ta kéékèèké.

Eré tí wọ́n ń so ènìyàn kọ́ igi bí ẹ kò bá mọ lẹ́tà kò wù mí. Ṣé a lè yí i padà?

Kò wu èmi náà. Nílé tí ọmọdé wà, kí ni a fẹ́ fi òkú tó rọ̀ sórí igi ṣe? Ẹja la ń yà: orí, ara, ìrù, lẹbẹ òkè, lẹbẹ ìsàlẹ̀, ojú. Àṣìṣe mẹ́fà, ẹja pé, ó sì ti sá wọ inú ọ̀sà lọ. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà kí ẹja tó pé, ẹ ti mú un.

Lẹ́tà Gb, ojú kan ṣoṣo ni ẹ fún un: àgbàdo gba ojú márùn-ún. Fáwẹ́lì ni kí ẹ kọ́kọ́ máa bèèrè, torí pé ó kún inú ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tó bá fi labalábá pamọ́, A kan ṣoṣo á ṣí ojú mẹ́rin fún ẹni tó ń wá a. Kí ọ̀rọ̀ yín le, ẹ wá èyí tí fáwẹ́lì rẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ọmọ girama kan wà nílé wa tó ní gbogbo eré yìí ti ọmọdé ni.

Ẹ fún un ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Ẹnì kan á kọ nọ́ńbà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra sí abẹ́ ọwọ́, ká ní 582. Ẹnìkejì á máa sọ tirẹ̀, wọ́n á sì sọ fún un iye tó "jókòó", ìyẹn nọ́ńbà tó tọ̀nà tó sì wà ní àyè rẹ̀, àti iye tó "ń rìn kiri", ìyẹn èyí tó tọ̀nà ṣùgbọ́n tí àyè rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Bí ó bá sọ 528, ọ̀kan jókòó, méjì ń rìn kiri. Nọ́ńbà 720 ló ṣeé fi pamọ́ báyìí, síbẹ̀ ẹni tó bá ń kọ gbogbo ìdáhùn sílẹ̀, tó sì ń fi ọ̀kan yẹ èkejì wò, kò ní pẹ́ kó tó mú un. Bó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ sọ ọ́ di nọ́ńbà mẹ́rin.

Tí ẹnu rẹ̀ ò bá tíì dákẹ́, ẹ fún un ní Èéhù. John Conway àti Michael Paterson ló gbé e kalẹ̀ ní Cambridge ní 1967. Ẹ tẹ àmì mẹ́ta. Ẹni tó bá kàn á fa ìlà láti àmì kan sí òmíràn, tàbí kó fà á yípo padà sí àmì kan náà, á sì tẹ àmì tuntun sí àárín ìlà tó fà. Ìlà kò gbọdọ̀ gba orí ìlà, àmì kankan kò sì gbọdọ̀ ní ju ìlà mẹ́ta lọ. Ẹni tí kò bá rí ibi tí yóò fà sí mọ́ ló pàdánù. Àmì mẹ́ta péré, kò ní ju ìgbà mẹ́jọ lọ kó tó parí, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ọmọ girama yẹn tó bá di ìgbà kẹfà.

Ṣé kí n máa mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọmọ mi jẹ mí?

Rárá. Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù nìyí. Ọmọ mọ ìgbà tí wọ́n bá ń tan òun. Bí kò bá mọ̀ lónìí, á mọ̀ lọ́la, gbogbo ìgbà tó ti jẹ yín tẹ́lẹ̀ á sì wá di òfo lójú rẹ̀. Ẹ máa ṣe é pẹ̀lú gbogbo agbára yín, kí ẹ máa sọ ohun tí ẹ ń rò jáde: "Bí mo bá fa ìlà síbí, o máa kó méjì, nítorí náà mi ò ní fà á síbí." Ọmọ tó ń gbọ́ bí àgbà ṣe ń ronú ti rí ohun tí kò sí nínú ìwé kankan gbà.

Bí agbára bá pọ̀ jura lọ, ẹ yọ̀ǹda ní gbangba. Nínú Àpótí, ẹ fún un ní àpótí méjì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nínú eré ọkọ̀, kí ó máa pe ojú méjì nígbà tí ẹ̀yin ń pe ọ̀kan. Ó mọ̀ pé ẹ yọ̀ǹda, ẹ̀yin náà mọ̀. Ọjọ́ tó bá ní kí ẹ yọ èyí kúrò, tí ó sì jẹ yín, ẹ jẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Bí ó bá pàdánù tó ń sunkún, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ṣe é. Ẹ jẹ́ kó sunkún tán, kí ẹ bi í bóyá kí ẹ tún ta òmíràn.

Ojóóró àti àríyànjiyàn ńkọ́?

Ẹ kọ òfin sí ojú-ewé àkọ́kọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀: ṣé ẹja wà lára ẹranko? Ṣé a gba orúkọ Lárúbáwá? Ohun tí òfin ò bá sọ, ẹni tó dàgbà jù nílé ló máa dájọ́, ìdájọ́ náà á sì wọ inú ìwé. Òǹwòran kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé nídìí ayò, òǹwòran ló ń sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n nídìí bébà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ṣé a lè fi owó sí i?

Ẹ má ṣe é. Ẹni tó bá pàdánù lè bu omi wá, tàbí kó pa àlọ́ kan.

Fóònù ni àwọn tiwa fẹ́ràn.

Ẹ má fi eré yìí ṣe ìjìyà fún ẹni tí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ó ti ba adùn rẹ̀ jẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí bátìrì ti lọ sílẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ gbé iná sólà sí àárín, kí ẹ̀yin méjì bẹ̀rẹ̀ láì pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n á wá.

Nígbà Káyókáyó, ilé máa ń kún. Kí la lè fún ènìyàn púpọ̀ ṣe?

Àkókò gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn Iléyá, tí àwọn ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ bá ń ṣe ìrántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe wá tẹ̀dó síbí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní 1851, ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá láti ibi gbogbo ló máa ń wà nílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ò tiẹ̀ mọ ara wọn.

Fún ẹni mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ gé bébà kéékèèké mẹ́rin, ẹ kọ Ọba 1000, Ìjòyè 800, Ọlọ́pàá 500, Olè 0 sí wọn, ẹ ká wọn, ẹ dà wọ́n sílẹ̀, kálukú á mú ọ̀kan. Ọba á fara hàn, á ní "Ọlọ́pàá mi dà?" Ọlọ́pàá á dìde, á wo ojú àwọn méjì tó kù, á sì nawọ́ sí ẹni tó rò pé ó jẹ́ olè. Bó bá gbà á, 500 rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá gbà á, olè ti gbé 500 lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tún bébà dà. Ọmọ tó ń ro máàkì mẹ́rin pọ̀ ní ìgbà mẹ́wàá ti ṣe ìṣirò tó pọ̀ ju iṣẹ́ àṣetiléwá lọ.

Fún gbogbo ilé lápapọ̀, ẹ kọ ìtàn alákàápọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á kọ gbólóhùn méjì, á ká bébà kí gbólóhùn kejì nìkan lè hàn, ẹni tó tẹ̀ lé e á máa bá a lọ láti ibẹ̀. Ìjàpá lè bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ kó parí nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ajah. Ẹ wá ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn kó kà á fún gbogbo ilé.

Ṣé ká da àwọn bébà náà nù lẹ́yìn eré?

Ẹ má dà wọ́n nù. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó jẹ sí ẹ̀yìn wọn, kí ẹ kó wọn sínú páálí kan. Bí ọmọ bá pàdánù Àpótí tí kò sì mọ ibi tó ti bàjẹ́, ẹ bá a tún un ṣe lórí bébà mìíràn ní ọjọ́ kejì, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ máa fi nọ́ńbà sí ìlà bí ẹ ṣe ń fà wọ́n, kí ó lè rọrùn láti tọpasẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní bíró pupa, kó fi yí ìlà tó kọ́kọ́ di ìlà kẹta lára àpótí kan po. Níbẹ̀ ni ẹnìkan ti kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún ẹnìkejì. Ẹ wo ẹni tó fà á, kí ẹ sì wò ó bóyá ìlà mìíràn ṣì wà tí ì bá fà.